Imú Òkun àti Òkúta Òtẹ́ẹ̀lì

Gbogbo ẹni tó ń sin ẹja inú gíláàsì nílùú náà ló mọ ọkọ obìnrin yìí sí Imú Òkun. Òun, ìyàwó lásán ni wọ́n ń pè é. Bí oníbàárà bá béèrè irú ẹ̀rọ tí Imú Òkun fi ń yẹ omi wò, ọkùnrin náà á yínmú, á ní, "Ẹ̀rọ? Àwọn tí kò mọṣẹ́ ló ń ra ẹ̀rọ. Imú tí Ọlọ́run fún mi yìí ńkọ́?"

Òkúta tí wọ́n bá hú nínú òkun láti fi ṣe ilé fún ẹja inú gíláàsì, nǹkan abẹ̀mí ló kún ara rẹ̀. Èyí tó bá kú lójú ọ̀nà á jẹrà sínú ihò òkúta, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé kan. Inú àgbá dúdú kan ní yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sí, nínú omi iyọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án, kí ẹ̀rọ máa ru omi náà tọ̀sán tòru, títí òórùn á fi lọ pátápátá. Bí wọ́n bá kánjú gbé e sọ́dọ̀ ẹja, májèlé ni, ẹja kan ò ní í rí ọjọ́ kejì. Ìyàwó ló ń pọn omi, òun ló ń po iyọ̀, òun ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdọ̀tí títí èékánná rẹ̀ fi ṣẹ́ tán. Ti Imú Òkun ni pé kó wá gbóòórùn rẹ̀, kó sọ bóyá ó ti tó gbé sọ́dọ̀ ẹja.

Ọkùnrin náà á gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra, á bẹ̀rẹ̀, á ki imú bọ ẹnu àgbá, á dijú. Ìyàwó á dúró sí òdìkejì pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì funfun, torí ọkọ kì í fẹ́ kí omi kán sí òun lára. Nígbà tí òkúta tí wọ́n ń rẹ fún oníṣègùn eyín kan pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó ń nu ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ bí ọkọ ṣe gbójú sókè. "Ó ṣì kù," ni ọkọ wí. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó na tówẹ́ẹ̀lì náà sí i. "Ó ti tó," ni ọkọ wí, ó sì fi nu imú.

Lọ́jọ́ kan ìyàwó lọ ra iyọ̀. Láti ẹnu géètì ni òórùn ti sọ fún un pé ìkòkò òun ti jóná. Imú Òkun wà ní pálọ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Olówó orí mi, ẹ jókòó síbí kí ìkòkò máa jó?"

"Ṣé èmi ni mo gbé e kaná ni?" Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀, ó pòṣé, ó lọ ha ìkòkò.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì dé. Wọ́n kan gíláàsì ẹja tó gba ògiri kan tán, wọ́n sì ń wá olùtọ́jú tí yóò máa gbé ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà wọn. Máníjà ní iṣẹ́ náà lè gba èèyàn méjì. Látọjọ́ náà ni ìyàwó ti ń fọkàn sí i: ilé tí kò rùn, orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n ṣí gíláàsì òtẹ́ẹ̀lì náà, Imú Òkun ra òkúta kan tó tóbi bí orí màlúù, ó jù ú mọ́ ìyókù nínú àgbá.

"Èyí ò ní í tó kó tó dọjọ́ náà," ni ìyàwó wí.

"Ta ló bi ọ́? Ìwọ náà ti di Imú? Bí ò bá tó, a ó yọ ọ́ síta níbẹ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, Imú Òkun da lọ́fínńdà sára títí ìyàwó fi ń húkọ́ nínú ọkọ̀. "Lẹ́yìn òní," ni ọkọ wí, "kó o jókòó sílé pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì rẹ. Bí ẹja bá ti wọlé, kò sí òkúta tí a tún fẹ́ yẹ̀ wò. Orúkọ tèmi nìkan ni mo ní kí wọ́n kọ."

"Kò burú," ni ìyàwó wí.

Àlejò ti pé sí gbọ̀ngàn, ẹja wà nínú ọ̀rá omi. Máníjà kí ìyàwó. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ òkúta?"

Imú Òkun rẹ́rìn-ín. "Ẹ má da ara yín láàmú, sà. Tówẹ́ẹ̀lì ló ń gbé." Àwọn àlejò bá a rẹ́rìn-ín.

Ó ṣí ìdérí àgbá tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó dijú, ó lajú. Ìyàwó ká tówẹ́ẹ̀lì sí mẹ́rin, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ó ti tó!" ni Imú Òkun kígbe. Ó gbé òkúta ńlá náà jáde, ó gbé e lọ bá máníjà. "Sà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òkun gan-an nìyẹn!"

Máníjà fi táì bo imú, ó fẹ̀yìn rìn. Obìnrin kan bì sínú ìkòkò òdòdó. "Kí ló kú síbí?" ni ẹnì kan ń béèrè kiri. Imú Òkun ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó fa èémí tó jinlẹ̀, ó tún sún òkúta náà mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló fi ojú wá ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí i, ó rọra ń fi etí aṣọ nu ọwọ́ méjèèjì.

Ó pé oṣù mọ́kànlá tí àìsàn òtútù kan ti ba imú ọkùnrin náà jẹ́, kò gbóòórùn ohunkóhun mọ́, tówẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ń wò kó tó sọ pé ó tó tàbí ó kù, ìyàwó náà sì mọ̀.