Ìrọ̀rí Ìyá Ìyàwó

Òru ni oníbùrẹ́dì náà fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán ló fi ń sùn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun àti ìyá ìyàwó nìkan ló kù nínú ilé. Màmá wá tọ́jú ọmọ rẹ̀ nígbà àìsàn ni. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ tán, kò padà sílé rẹ̀, ọkùnrin náà ò sì lẹ́nu láti sọ pé kí ó máa lọ.

Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ fu ú lára. Bí ó bá ti wọlé láàárọ̀, tí fúláwà ṣì wà létí rẹ̀, Màmá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ á ti pọ́n kuku.

"O kú iṣẹ́ o, ọkọ ọmọ mi. Ṣé wàá tètè sùn lónìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ná, Màmá."

"Tètè wẹ̀, kó o lọ sùn."

Ta ní í kánjú báyìí nítorí oorun ẹlòmíràn?

Kò pẹ́ tí oorun fi di ogun. Á ṣàdédé ta jí, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀, òógùn á bò ó, á sì dá a lójú pé òun ń kú lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà tó bá lajú bẹ́ẹ̀, Màmá ló ń rí nínú yàrá, ìrọ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó máa lọ," ni Màmá á wí. "Má bá a jà." Á sì jáde, tòun ti ìrọ̀rí.

Báwo ló ṣe mọ̀ pé ó máa lọ?

Oníbùrẹ́dì náà sọ ọ́ fún ẹni tó ń bójú tó iná ní békìrì, tí wọ́n ń pè ní Adáná. Adáná gbé igi tó fi ń fa bùrẹ́dì jáde nínú ààrò sílẹ̀.

"Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sílé rẹ ló ń gbé ìrọ̀rí wá bá ọ lójú oorun, o tún ń béèrè? Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Fúláwà tí a pò nìkan ló yẹ kí wọ́n máa da nǹkan bò lójú."

Ọkùnrin náà lọ rí dókítà obìnrin kan. Obìnrin náà yẹ ọkàn rẹ̀ wò dáadáa.

"Ọkàn yín le koko. Ẹ̀rù ló ń ká yín mọ́ ojú oorun. Kì í pani, bó tilẹ̀ jọ ikú. Tó bá dé, ẹ jókòó, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ẹ rọra máa mí síta, kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ. Á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ṣé èèyàn lè fà á sí mi lára?"

"Ìbànújẹ́ lè fà á. Ta lẹ pàdánù?"

"Ìyàwó mi."

"Ta lẹ jọ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

Ó dìde, ó dúpẹ́, ó sì jáde.

Ó ṣe bí dókítà ti wí, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfura ò gbọ́ oògùn. Lọ́jọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Nígbà tó ṣí i, Màmá ló bá nílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ìrọ̀rí lórí itan.

"O tilẹ̀kùn," ni Màmá wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ó dùbúlẹ̀, ó dijú, ó ń hanrun ẹ̀tàn, ó sì di etí bẹ́ẹ̀dì mú lábẹ́ aṣọ. Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ lásán ń bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ó gbọ́ èémí Màmá lókè orí rẹ̀, ìrọ̀rí sì kan èjìká rẹ̀. Ló bá fò dìde, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìrọ̀rí yẹn ṣe?"

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó rọra mí síta títí, kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ fi sùn nílẹ̀ níbí ni, ọmọ mi," ni ó wí, "torí láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ mi, bí mo bá dá sùn lóru tí o ò sí nílé, nǹkan yìí kan náà ló ń fún mi lọ́rùn jí, àfi ibi tí mo bá ti ń gbọ́ èémí rẹ ni mo ti ń rí oorun sùn."