Àga Màmá Tó Wà ní Ṣọ́ọ̀bù Nùsáybà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Plateau nílùú Niamey láàárọ̀ yìí! Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá fò ó o. Ẹ kà á débi tó parí sí.

1.
Nùsáybà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Niamey, ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ sí Plateau. Táìlì funfun báláú, gíláàsì, iná yòò. Àwọn obìnrin ọ́fíìsì á yọjú, wọ́n á kí i ní "Fofo," wọ́n á yí padà.

Ọ̀kan là á mọ́lẹ̀ fún un: "Màdáàmù, ibí dà bí ọsibítù. Ta ni ara ẹ̀ yá tó fẹ́ jókòó sí ọsibítù?"

2.
Ó délé ní àdúgbò Bobiel, ilé tóun àti ìyá ìyá ẹ̀ ń gbé. Ojú Màmá ti fọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ̀! Wọ́n á dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á di àga onígi mú, èyí tí Nùsáybà gé jẹ létí nígbà tó ń heyín. Wọ́n á fọwọ́ kan àmù, wọ́n á tẹ ẹní, wọ́n ti dẹ́nu ọ̀nà.

Màmá ń sùn. Nùsáybà gbé àga, ó gbé àmù, ó ká ẹní.

Gàfárù àbúrò ẹ̀ ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Màá ra tuntun kí wọ́n tó jí. Gbé ẹsẹ̀ àga yẹn, jàre!"

3.
Ṣọ́ọ̀bù yí padà! Àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà fúnra wọn, wọ́n ń mumi àmù, wọ́n ń ra léèsì. "Ibí ti dilé o!" Orí Nùsáybà wú. Ó gbàgbé tuntun tó fẹ́ rà.

Fóònù dún. Gàfárù ń sunkún: "Wọ́n nawọ́ pé káwọn di àga mú, Àǹtí. Kò sí àga níbẹ̀!"

4.
Ìbàdí Màmá ló dá. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, wọ́n bi Nùsáybà pé, "Ọmọ mi, ta ló gbé àga mi?"

"Olè ni, Màmá."

"Kí Ọlọ́run foríjì í. Bóyá kò níbi tó ń jókòó ni."

Láti ìgbà yẹn, bí oníbàárà bá ti jókòó sórí àga yẹn, Nùsáybà á gbójú kúrò. Ṣé ó wá gbé e padà? Rárá. Tó bá gbé e padà, irọ́ ẹ̀ tú nìyẹn.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìsọ̀ yín rí bí ilé, ẹ má fi ilé yín ṣe é. Ilé làbọ̀ simi oko. Ẹni tó bá kó ilé ẹ̀ lọ sóko, níbo ló fẹ́ bọ̀ sí?

5.
Láàárọ̀ yìí, ìbàdí ti san díẹ̀, Màmá fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n ní kí Gàfárù mú àwọn lọ ṣàdúà sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ àwọn. Gàfárù fà wọ́n lọ́wọ́. Ó mú wọn wá.

Ẹsẹ̀ wọn kan ẹní, wọ́n bọ́ bàtà. "Ẹ kú ilé o!"

Oníbàárà kan dìde fún wọn. Wọ́n nawọ́, wọ́n di àga mú. Ìka wọn rìn títí ó fi dé ibi tí eyín ọmọdé ti gé e jẹ. Ó dúró síbẹ̀.

"Màmá..." Nùsáybà ti kúnlẹ̀.

 Màmá gbọ́wọ́ kúrò lórí àga, wọ́n kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Gàfárù, bá mi mú bàtà mi."