Ọkọ̀ Tí Hasanat Ń Sá Fún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ènìyàn wà lábẹ́ yín níbi iṣẹ́.

1.
Fẹ̀yìntọlá ni ọ̀gá ibùdó ìwádìí ẹ̀gẹ́ kan tó wà nínú oko lọ́hùn-ún, ní agbègbè Lágelú. Tí ọ̀kadà bá gbé yín láti Ìyànà Ọ̀fà, títì ọlọ́dà á tán, ilẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀, ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló jọ ń gbé níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ pe ilé, ìdí táńkì omi ló máa lọ dúró sí kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Obìnrin kò jẹ ọ̀gá níbẹ̀ rí kí Fẹ̀yìntọlá tó dé. Ohun tó fi ń yangàn ni pé láti ọdún mẹ́fà tó ti wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀sùn kankan tó dé oríléeṣẹ́. "Ẹbí kan ni wá níbí," ló máa ń sọ fún àlejò. Obìnrin mẹ́ta ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà náà. Kò bi èyíkéyìí nínú wọn ní ìdí tó fi ń lọ.

2.
Hasanat, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ará Akínyẹlé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wọ ọ́fíìsì Fẹ̀yìntọlá, ó kúnlẹ̀. Ó ní Dókítà Adémidé, onímọ̀ àgbà ibùdó náà, kò jẹ́ kí òun gbádùn. Ó ní ó máa ń tẹ̀ lé òun wọ yàrá irúgbìn, ó máa ń fa híjáàbù òun, ó máa ń fọwọ́ kan òun. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dá ọkọ̀ dúró sáàárín igbó nígbà tó ku àwọn méjì nínú rẹ̀, òun sì ṣí ilẹ̀kùn, òun sáré. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí òun bá a wọ ọkọ̀ mọ́.

Fẹ̀yìntọlá ń fọwọ́ sí ìwé. Kò dáwọ́ dúró.

"Ohun tí ojú èmi rí nígbà tí mo wà bíi tìẹ ju èyí lọ," ló wí. "Mo gbé e mì. Lónìí, èmi ni ọ̀gá. Máa ṣọ́ra fún un, má sì sọ ọ́ síta."

"Ẹ ṣé, mà," ni Hasanat wí. Ó dìde, ó lọ.

Òótọ́ sì ni Fẹ̀yìntọlá sọ. Ó ti gbé tirẹ̀ mì tipẹ́tipẹ́, débi pé kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń dun òun.

3.
Fẹ̀yìntọlá pe Adémidé, ó fi ẹ̀rín sọ fún un pé kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Adémidé náà rẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ibùdó ti gbọ́. Bí Hasanat bá gbé abọ́ dé ìdí tábìlì, ọ̀rọ̀ á dákẹ́, àwọn kan á gbé oúnjẹ wọn dìde. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ẹjọ́. Fẹ̀yìntọlá rí i láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ níbi tó ti ń dá jẹun. Ó fa kọ́tìnnì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ló mú òun fà á.

Láti ìgbà náà, bí Hasanat bá ń lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn títí dé títì ọlọ́dà. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀.

4.
Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, lẹ́yìn òjò ọ̀sán, Hasanat ń lọ lọ́nà nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀ ibùdó lẹ́yìn. Adémidé nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó ń lọ gbé àlejò ní pápákọ̀ òfurufú Alákìá. Hasanat yà wọ inú koríko, ó lóṣòó síbẹ̀ kí ọkọ̀ lè kọjá.

Ọkọ̀ kọjá. Ejò bù ú jẹ ní ọrùn ẹsẹ̀.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó rìn díẹ̀, ó ṣubú. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àbúdù, tó ń ti oko bọ̀, ló bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó gbé e sórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ń wá nínú igbó.

"Mo ń sá fún ọkọ̀ yẹn ni, bàbá," ló wí.

Kí wọ́n tó rí abẹ́rẹ́ oró ejò, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

5.
Mùjíbátù, ìyá rẹ̀, wá kó ẹrù rẹ̀. Kò pariwo. Ó ká àwọn híjáàbù náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú báàgì, Fẹ̀yìntọlá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá tó gbé e sọ fún mi pé ọkọ̀ ibùdó yín ló ń sá fún," ni ìyá náà wí. "Ṣé ọmọ mi ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀?"

"Ó sọ fún mi."

"Kí lẹ wá ṣe?"

Ìyá Hasanat fa síìpù báàgì. Fẹ̀yìntọlá na ọwọ́ láti bá a gbé e.

"Ẹ fi sílẹ̀," ló wí.

6.
Lẹ́yìn ikú Hasanat, àwọn olùwádìí ti oríléeṣẹ́ dé. Wọ́n wá obìnrin mẹ́ta tó ti lọ náà kàn, orúkọ Adémidé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá. Wọ́n lé e, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù. Wọ́n yọ Fẹ̀yìntọlá náà, wọ́n sì ti ibùdó pa.

Ẹ̀gbẹ́dá ló ń gbé báyìí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn. Kò tíì sunkún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í lórí fóònù bóyá ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Ó ní òun ò mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin olórí, ẹ gbọ́ o. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ yín, ẹ má tíì dúpẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ pé ẹ ò ní í gbọ́. Ìyà tó jẹ yín nígbà èwe yín, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ sì gbé abọ́ yín dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọwọ́ yín wà nínú rẹ̀.

Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kẹ́yìn. Ẹ pè é lónìí, kí ẹ bi í ní ìdí tó fi lọ.