Síìpù Ẹ̀yìn Aṣọ

Ọmọ ń ké, síìpù tó wà lẹ́yìn aṣọ ìyá rẹ̀ kò sì sọ̀ kalẹ̀. Nínú yàrá àwọn abiyamọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Festac, ìyá ọmọ náà ń fà á, òógùn ń bò ó. Kọ́mú tí ọkọ rẹ̀ rà fún un ní Agboju ti fún un láyà pinpin, omi ọyàn sì ti rin ín.

Stella, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá a fà á tì. “Ó ti há. Jẹ́ ká ya á.”

“Ya kí ni? Ìyá ọkọ mi ló fọwọ́ ara wọn rán an fún ìyàsímímọ́ ọmọ yìí!”

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyá ọkọ náà ló wọlé. “Kí ló ń pa ọmọ lẹ́kún báyìí?”

Abiyamọ náà bú sẹ́kún. “Ẹ má bínú, Màmá. Aṣọ yín ni kò jẹ́ kí n fún un lọ́yàn.”

Màmá yọ sísọ́ọ̀sì nínú báàgì, wọ́n gé aṣọ náà láti ọrùn dé ikùn, wọ́n sì gé kọ́mú náà láàárín.

“Gba ọmọ rẹ.”

Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi bo ìyá àtọmọ.