Abíyá Onígbàjámọ̀

Ẹ máa tó fura pé kì í ṣe lọ́fínńdà tí onígbàjámọ̀ fi sí abíyá ló fa wàhálà rẹ̀. Onígbàjámọ̀ nìkan ni inú ń bí ju kó fura lọ. Ó wọ́ obìnrin tó ta lọ́fínńdà fún un wọ yàrá dókítà, ó bọ́ ẹ̀wù, ó sì na apá sókè bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Kókó ńlá kan ti wú sí abíyá rẹ̀, awọ ibẹ̀ sì pọ́n wẹ̀.

“Dókítà, ẹ wo ohun tí obìnrin yìí fi mí ṣe! Lónìí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa tì pa!”

“Èmi kẹ̀? Gbogbo àdúgbò ló ń lò ó. Abíyá tìẹ nìkan ló wá yàtọ̀, bàbá onímọ́tótó?”

Dókítà tẹ kókó náà, onígbàjámọ̀ sì lọgun. “Ṣé ẹ máa ń fá ibí yìí?”

“Kí ló dé tí mi ò ní fá a? Èmi tí mi ò fi abẹ kan fá orí èèyàn méjì rí! Abẹ tuntun ni fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà kó àrùn ran ara wọn.”

“Èyí tẹ́ ẹ ti lò ńkọ́?”

Onígbàjámọ̀ gbójú mọ́ ọn. “Ta ló ń da nǹkan tó ṣì mú nù? Òun ni mo fi ń fá abíyá.”