Ẹ̀wù Òtútù Akóredé

Wòsílátù, tí òun àti Adéníkẹ́ jọ ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Abu Shagara, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi.

Òtútù ló pa Akóredé, ọkọ Adéníkẹ́. Ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí oòrùn ti ń yan èèyàn bí àgbàdo.

Inú yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ló kú sí.

Adéníkẹ́ ò sunkún mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: báwo ni wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkọ òun?

Farouk, tí òun àti olóògbé jọ ń ṣiṣẹ́, tún gbé oúnjẹ wá.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

"Dá mi lóhùn ná."

"Oníkálùkù ló ní ìṣó tó ń fi ẹ̀wù òtútù kọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí gbogbo ẹ̀wù bá ti pé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó kù nínú nìyẹn. Ọ̀gá rí ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, ló bá ti ilẹ̀kùn. Kò ṣeé ṣí láti inú."

"Ọkọ mi ò ya wèrè. Ta ló ń bọ́ ẹ̀wù nínú yìnyín?"

Farouk tẹjú mọ́lẹ̀.

"Ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, mò ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n bọ́ tiwọn, wọ́n fi bò mí lórí tèmi. Wọ́n ní, 'Yalla, yára, bọ́ sí oòrùn, mò ń bọ̀.'"

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Mo jáde. Mo gbé ẹ̀wù wọn kọ́ sórí ìṣó wọn, kó má baà dọ̀tí."

Adéníkẹ́ nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

Farouk dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.