Ìkòkò Tí Wọ́n Hú ní Hartstown

“Ẹ rọra o! Ẹ má dojú ẹ̀ délẹ̀!”

Agbálẹ̀ pápákọ̀ òfuurufú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ti fò kọjá okùn tí wọ́n ta yí kòtò náà ká, ó ń wọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Ilé tuntun ń hù bí olú ní Dublin nígbà náà, àwọn awalẹ̀pìtàn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò.

Ọ̀gá wọn ń nu ìkòkò amọ̀ náà bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló.

“Ẹ wo bí wọ́n ṣe dé e pinpin! Mùsíọ́mù la ti máa ṣí i, lójú gbogbo ayé.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó lẹ́ni tó ni ín.”

“Ọmọ ọba ayé àtijọ́ kan ló ni ín, ó sì ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn.”

“Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́!”

Ó rántí ìyá ọkọ rẹ̀, tó fi ìkòkò náà ránṣẹ́ láti Ìlọrin kí òun tó bímọ: “Ṣé inú ọ̀rá lo fẹ́ sin ibi ọmọ-ọmọ mi sí ni?”

Ó ti ọmọ rẹ̀ síwájú.

“Kò kú, sà. Òun ló ń jẹ kírísípù yìí.”